Ẹ̀rọ Omi Tí Onílé Gbé Kọ́ Wa Lọ́rùn

Bí ẹ bá bi àwọn tí a jọ gbé ilé yẹn, wọ́n á sọ fún yín pé èmi ni mo tà wọ́n fún onílé. Mi ò lè bá wọn jiyàn púpọ̀. Ojú gbogbo wọn ló ṣe, ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, tí mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì tó mọ́ tónítóní, tí mo sì na gbalaja sílẹ̀ níwájú ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù tirẹ̀ lé wa lórí, tí mo ń kí i pé, "Thank you sir, God bless you sir." Títí di òní, bí mo bá rántí eruku tó wà láyà aṣọ mi nígbà tí mo dìde, inú mi máa ń ru sí ara mi.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni, fúláàtì mẹ́fà péré, mẹ́ta nísàlẹ̀, mẹ́ta lókè, ní àdúgbò kan tí èèyàn ń yà wọ̀ láti Upper Sakponba ní ìlú Benin. Ibi iṣẹ́ mi jìnnà sí i gan-an, torí pé ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní òdìkejì ìlú. Ọkọ̀ méjì ni mo ń wọ̀ lọ, méjì ni mo ń wọ̀ bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló mú mi gba ilé náà, omi ni. Onílé ti gbẹ́ kàǹga dẹ̀rọ sẹ́yìn ilé, ó gbé táńkì ńlá méjì lé orí òpó, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi náà nígbà tí iná ò bá sí. Ó wà nínú owó ilé tí à ń san. Táàpù wa ń yọ láàárọ̀, ó ń yọ lálẹ́, a kì í tiẹ̀ ronú kàn án.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n máa wá omi bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ló bí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nílé wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́ mọ́, mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò tí mo lè fi í tì. Ìyàwó mi ń ṣe tíṣà ìjọba ní Àkúrẹ́, òun àti àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wá. Nítorí náà mo gbé ìyá mi wá sí Benin, sí fúláàtì yàrá méjì tí mo ń gbé nísàlẹ̀. Mo bá obìnrin opó kan sọ̀rọ̀ ládùúgbò, ẹni tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, pé kó máa wá jókòó tì í láti àárọ̀ títí n óò fi dé. Èdè Ẹ̀dó àti Pidgin ni opó yìí ń sọ. Yorùbá nìkan ni ìyá mi ń sọ. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ ju bí èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ mi ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ.

Àìsàn yẹn ba nǹkan kan jẹ́ lára ìyá mi tó dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ. Kò lè di ìtọ̀ mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó fi ohun tó lé ní ogún ọdún dáná fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn wolé-wolé a máa yọ sí wọn láìrò tẹ́lẹ̀, wọn ò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀ rí. Omi gbígbóná ló fi ń ṣan ṣíbí, lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló wá di ẹni tí ọmọkùnrin rẹ̀ ń fa aṣọ tútù yọ lábẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo bá ti ń ṣe é, ó máa ń yí ojú sí ògiri, èmi náà á wá máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn, nípa ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, nípa òjò, kí ojú má baà tì í jù. Ojú ń ti èmi náà, kí n má parọ́.

Pampas àgbàlagbà ju agbára mi lọ. Ọjọ́ tí a bá ń lọ sí ọsibítù nìkan ni mo ń rà á. Ọ̀rá ni mo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ́ aṣọ lé e, bí ó bá tutù, a ó fọ̀ ọ́, a ó tẹ́ òmíràn. Aṣọ mẹ́ta lójúmọ́, nígbà mìíràn márùn-ún. Bí omi bá wà, ìyá mi á mọ́, yàrá rẹ̀ ò ní rùn, á sì lè máa gbé lọ́dọ̀ mi títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bí kò bá sí omi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà. Kò sẹ́ni nílé wa ní Ọ̀ṣun mọ́, títì ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà. Gbogbo ohun tí mo ń rò láàárọ̀ àti lálẹ́ ò ju ìyẹn lọ.

Onílé wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Àgbàlagbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, Ugbor, àdúgbò mìíràn ní Benin, ló ń gbé. Lọ́jọ́ Sunday tí mò ń wí yìí, ó pe gbogbo wa jáde síwájú ilé, ó dúró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní owó iná ti gun òkè àjà, owó epo náà ti gun òkè àjà, òun ò gba owó oṣù mọ́, apá òun ò sì ká a mọ́. Ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi di tiwa. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan á máa ra epo sí i lọ́jọ́ tirẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, àwa la máa tún un ṣe. "My own na the house," ó wí bẹ́ẹ̀. "The water, na una dey drink am."

Alága àwa ayálégbé, ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò, tó ń gbé lókè, na ọwọ́ sókè. Ó ń bọ̀ wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa, pé ṣé owó ilé á wá lọ sílẹ̀ nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé omi wà nínú rẹ̀. Kò tíì parí gbólóhùn àkọ́kọ́ tí onílé fi yíjú sí mi. "Oga Library, you wey sabi book, wetin you talk?"

Ìgbà yẹn ni mo dọ̀bálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbàlagbà bá gbé ìpinnu kalẹ̀ láàárín èrò, a kì í dá a lóhùn níbẹ̀. O máa dúpẹ́ ná. O máa jẹ́ kó fi iyì rẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta, o máa mú ẹni tó jù ọ́ lọ dání, ẹ ó lọ bá a ní pálọ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó béèrè àlàáfíà ilé, ìgbà yẹn lo máa wá sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn ń ni ọ́ lára. Òun náà ti ń retí rẹ, nítorí ó mọ̀ pé ìdúpẹ́ tí o ṣe lọ́jọ́sí kì í ṣe pé o gbà, ọ̀wọ̀ lásán ni. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Láti kékeré mi ni mo ti rí i tí òun náà ń ṣe é fún àwọn ọ̀gá iléèwé, ó sì ń rí ohun tó bá ń wá gbà.

Onílé wa kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo ìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé mi dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé sí i lójú. Ó ní, "You see? Person wey get sense don thank me." Ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Ọwọ́ alága wa ṣì wà lókè díẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Yoruba man, you don finish us." Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé n óò padà lọ. Kò dúró gbọ́.

Lọ́jọ́ Tuesday, mo bẹ alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìsìn Yorùbá, pé kó sìn mí lọ sí Ugbor. Onílé gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún wa ní ìgò máàtì tútù kọ̀ọ̀kan, ó bi wá léèrè ilé àti ọmọ. Alàgbà sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fi ẹ̀rìn sí i, ó fi ẹ̀bẹ̀ sí i. Èmi náà sọ nípa ìyá mi, mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nípa àwọn aṣọ yẹn àti bí omi tí à ń lò ṣe pọ̀ tó. Mo ní bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ omi sọ́wọ́ àwọn ayálégbé, èmi ni wọ́n máa dojú kọ. Onílé ń ṣe "èèyà, èèyà" bí ẹni tó ń káàánú, ó ní òun á fi ìyá mi sínú àdúrà. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan, kò sì fi ìbínú bi í, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, "But if the matter pain you, why you lie down for ground dey thank me?"

Báwo lèèyàn á ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé? Onílé ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ òun pé àwọn ayálégbé ti gbà pẹ̀lú ayọ̀, òun ò sì lè máa yí ọ̀rọ̀ padà bí ọmọdé. Nígbà tí a jáde, alàgbà ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ̀ bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn." Inú bí mi sí i títí a fi dé ilé, mi ò bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi ní títò. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, Thursday ló bọ́ sí tèmi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, omi tán nínú táńkì kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ ẹlòmíì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀yìn ilé láti mọ ẹni tó lò ó tán. Okùn aṣọ tèmi ni wọ́n rí. Nígbà tí onílé ń ra epo, okùn yẹn ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ibùsùn mẹ́ta mẹ́rin lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó. Látìgbà tí epo ti di tiwọn, wọ́n ń kà á. Obìnrin tó ń gbé òdìkejì ilẹ̀kùn mi, tó máa ń kí ìyá mi láti ojú fèrèsé tẹ́lẹ̀, dẹ́kun kíkí i. Mi ò fi gbogbo ara dá wọn lẹ́bi. Èmi náà ti ń ka ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wẹ̀.

Kò pẹ́ tí alága fi ti omi tó ń wọ inú fúláàtì pa, tó sì ra àgádágodo sí táàpù ìdí táńkì. A ó máa ṣí i láàárọ̀ fún wákàtí kan, a ó tún ṣí i nírọ̀lẹ́, garawa mẹ́rin fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan nígbàkigbà tí a bá ṣí i. Garawa mẹ́rin! Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Opó tó ń tọ́jú ìyá mi á fi méjì fọ aṣọ tó ti rin láàárọ̀, a ó fi ọ̀kan wẹ ìyá, a ó fi èyí tó kù sè oúnjẹ, kí ọ̀sán tó pọ́n aṣọ mìíràn á ti wà nílẹ̀ tó ń dúró. Yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá mi mọ̀ pé ó ń rùn. Ó ní kí opó náà máa ṣí fèrèsé sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Abẹ́ fèrèsé yẹn ni wọ́n ti ṣèpàdé kejì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbẹ̀ ni, àbí torí pé ibẹ̀ ló ní ibòji. Alága sọ pé àwọn ò kórìíra ẹnikẹ́ni. "But na Mama dey finish the water." Obìnrin òdìkejì ilẹ̀kùn mi ní, "Make he carry Mama go village na." Wọ́n pe onílé lórí fóònù, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà nínú ilé òun, bí fúláàtì kan bá ń yọ fúláàtì márùn-ún lẹ́nu, òun á fún onífúláàtì yẹn ní ìwé kó jáde. Lọ́jọ́ yẹn mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo pariwo. Mo sọ fún alága pé a ó jọ kú síbẹ̀ ni, mo pe obìnrin yẹn ní aláìláàánú, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ti ẹnu ẹni tó ń ṣe díákónì jáde. Mo wọlé lọ bá ìyá mi.

Ìyá mi dojú kọ ògiri. "Kí ni wọ́n ń sọ níta?"

"Ọ̀rọ̀ epo ni, Màámi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo gbọ́ 'Mama' lẹ́nu wọn."

"Ìyá ẹlòmíì ni."

Ó ní ó dáa. Mo gbà pé ó gbà mí gbọ́, nítorí bí mo ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ nínú ara mi pé kò gbọ́ Pidgin.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi ní òpópónà kejì. Mo yá bárò, mo kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sínú rẹ̀, mo ń tì í lọ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo tún ń tì í lọ nígbà tí mo bá dé. Ojú ọ̀nà yẹn kún fún kòtò. Ẹ̀gbẹ́ mi ń dùn mí, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ débi pé ọ̀gá mi kọ kúẹ́rì sí mi, mo sì jókòó ti kúẹ́rì náà láìmọ ohun tí mo lè kọ. Ṣé kí n kọ ọ́ pé ìtọ̀ ìyá mi ló ń dá mi dúró? Lọ́jọ́ kan, mo ti bárò dé ibi kọ́nà kan, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá yáwèé lọ́dọ̀ mi rí mi, ó ní "Good morning sir," ó sì sáré kọjá bí ẹni tí kò rí bárò. Mo dúró níbẹ̀, mo sunkún. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mì. Aṣọ tó mọ́ gbẹ̀yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ tán, mo ti múra iṣẹ́, mo ti wọ bàtà. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pè mí, mo sì mọ ohun tó dé. Mo yíjú padà, mo ní, "Ẹ̀yin náà kẹ̀, Màámi! Ṣé ẹ ò rí ohun tí ojú mi ń rí ni?"

Kò yíjú sí ògiri lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí tààrà. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ó wí. "Má bínú."

Mo pààrọ̀ aṣọ náà, mi ò bẹ̀ ẹ́, mo lọ síbi iṣẹ́.

Ó tó bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo fi ọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ó gbẹ. Mo rò pé mi ò fọwọ́ kàn án dáadáa. Mo tún un fọwọ́ kàn, ó gbẹ. Ọjọ́ kejì, ibì kan báyìí ló rin, kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọjọ́ kẹta, ó gbẹ. Mo pe ìyàwó mi ní Àkúrẹ́, ara mi ò lélẹ̀, mo ní Ọlọ́run ti dá Màámi lóhùn, ó ti ń di ìtọ̀ mú. Ìyàwó mi hó lórí fóònù. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, aṣọ kan ṣoṣo ló wà lórí okùn. Alága rí mi níbi tí mo ti ń wò ó, ó ní, "Thank God o, Oga Library." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tó ti bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo dá bárò padà fún ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́ Sunday, mo jáde síwájú ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí. Ẹ wo èmi àgbà ọkùnrin, mo gba gbohùngbohùn, mo ní kí ìjọ bá mi yin Olúwa. Mo sọ fún wọn bí a ṣe ń fọ aṣọ márùn-ún lójúmọ́, tí a ò fọ̀ ju ọ̀kan lọ mọ́, láìsí oògùn tuntun kankan. Wọ́n kọrin, wọ́n jó yí mi ká, àwọn ìyá ìjọ ń fi aṣọ nu ojú. Alàgbà tí a jọ lọ sí Ugbor dì mọ́ mi, ó ní ṣé òun ò sọ fún mi pé Ọlọ́run ò ní dójú tì mí. Mo padà délé, mo sọ fún ìyá mi pé gbogbo ìjọ ló bá a dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ṣeun."

Ètè rẹ̀ ti là. Mo rí i. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, ètè gbogbo èèyàn ló ń là, nítorí náà mo ra òrí, mo fi ń pa á létè. Ìwọ̀nba ìtọ̀ tó ń jáde pọ́n, òórùn rẹ̀ sì le. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Àárẹ̀ ń mú un, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Mo ní ara rẹ̀ ń sinmi ni. Láràárọ̀ ni mò ń gbé ìgò omi kan sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ìgò á ti gbẹ. Mi ò lè sọ pé kò sí ohun tó yẹ kó kì mí nílọ̀. Inú mi ló dùn jù, mi ò fẹ́ kí nǹkan kan bà á jẹ́.

Ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Wednesday, fóònù mi dún nílé ìkàwé. Opó náà ni. "Oga, come o. Mama no dey answer me." Mi ò mọ ọkọ̀ tí mo wọ̀. Mo bá ìyá mi tí ojú rẹ̀ ti wọnú, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ. Mo fa awọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, ó dúró bí mo ṣe fà á, kò padà. Ó la ojú, ó fi orúkọ bàbá mi pè mí. Alága fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé e sínú takisí, èmi níwájú, opó lẹ́yìn pẹ̀lú orí ìyá mi lórí itan rẹ̀.

Ibẹ̀ ni opó ti bú sẹ́kún. Ó ní, "Oga, no vex. Mama dey pour the water back." Mi ò lóye. Ó tún un sọ. Ó ní bí mo bá ti jáde, Mama á bu ẹnu kan nínú omi ìgò láti fi gbé oògùn mì, á wá fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbé ìgò náà, á rọra da gbogbo omi yòókù padà sínú garawa tí a fi ń fọṣọ. Tíì náà bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀, kò fẹ́ omi rẹ̀. Nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i, Mama fi ìka sẹ́nu pé kí òun dákẹ́, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó ń fi ojú bẹ òun. Òun rò pé ààwẹ̀ ni. "I think say na fasting, Oga. I think say una church dey fast."

Mo ní kí awakọ̀ máa sáré.

Wọ́n fa omi sí i lára, ìgò kan, ìkejì, ìkẹta. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ti mọ̀ mí. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ọmọ jẹ́jẹ́ kan báyìí ni, ó fa àga, ó jókòó, ó mú bírò. Ó ní ó tó ọjọ́ mélòó kan tí omi ti tán lára ìyá mi, bí a bá pẹ́ díẹ̀ sí i kíndìnrín rẹ̀ ì bá ti lọ. Ó ní kí n bá òun bi í léèrè, ṣé ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún ni, ṣé ó ń há a lọ́fun, kí ló dé tí kò mu omi?

Mo tẹ̀ síwájú. Mo ní, "Màámi, dókítà ní kí ló dé tí ẹ ò mu omi?"

Kò wò mí. Dókítà ló ń wò, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀ láti kí i, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń kí ẹni pàtàkì. Ohùn rẹ̀ kò sókè, ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Sọ fún un pé omi tí mo bá mu ni ìwọ ń fọ̀. Mo gbọ́ 'Mama' àti 'water' lẹ́nu wọn lábẹ́ fèrèsé, mo sì gbọ́ ariwo tìrẹ. Wọ́n á lé ọ jáde nílé nítorí mi. Tí mi ò bá mu ún, kò ní sí nǹkan tí o máa fọ̀."

Dókítà gbé bírò sórí ìwé, ó ń dúró. "What is she saying?"

Mo sọ fún un pé ìyá mi ní òùngbẹ kì í gbẹ òun. Ó mi orí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.